Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ní Màléṣíà, ẹ bá wa tò ó o, ẹ̀yin ará Kwara

Tísà_Adéwọlé:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Èmi àti ìyàwó mi ti ń kó owó jọ láti bí ọdún mẹ́ta, a fẹ́ lọ fojú ara wa rí Màléṣíà, ọjọ́ mẹ́sàn-án la sì ní torí ìsinmi tí wọ́n fún ìyàwó mi níbi iṣẹ́ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó gbé ọkàn mi lọ síbẹ̀ ni pé àwọn Malay, àwọn Ṣáínà àti àwọn Íńdíà ló jọ ń gbé, bí Ìlọrin tiwa níbí tí Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé, Bàrùbá ti jọ ń gbé àdúgbò, mo fẹ́ mọ bí tiwọn ṣe rí. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé: Kuala Lumpur ọjọ́ méjì, Melaka ọjọ́ kan, Cameron Highlands ọjọ́ kan, Penang ọjọ́ kan, Langkawi ọjọ́ kan, ká wọ bàálù lọ Sabah ká rí òkè Kinabalu, ká wá fi Singapore kádìí ẹ̀. Ìyàwó mi ní ó ti pọ̀ jù, èmi ní a ò mọ ìgbà tá a tún máa rí owó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti débẹ̀ kó bá wa dá sí i.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà:
Ẹ kú ìmúra o, Tísà. Ọkọ mi kàwé ní Selangor, ìpínlẹ̀ kan ní Màléṣíà, ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ la fi gbé ibẹ̀, ohun tí mo mọ̀ ni mo máa sọ fún yín. Ìyàwó yín ló jàre. Nínú ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, inú bàálù àti bọ́ọ̀sì lẹ ti máa lo ìdajì ẹ̀, ibùdókọ̀ àti òtẹ́ẹ̀lì lẹ máa rí, ẹ ò ní rí èèyàn, bẹ́ẹ̀ èèyàn lẹ ní ẹ fẹ́ lọ wò. Singapore, ẹ pa á rẹ́. Orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ ni, físà ọ̀tọ̀ ló ń gbà lọ́wọ́ àwa ọmọ Nàìjíríà, tí físà Màléṣíà yín bá sì jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ ẹ bá ti jáde lọ Singapore ó tán nìyẹn, ẹ ò lè padà wọlé wá gba bàálù yín. Mo mọ tọkọtaya kan tó ṣẹlẹ̀ sí, tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni wọ́n sáré rà kí wọ́n tó lè délé. Sabah náà, erékùṣù Borneo ló wà, bàálù máa fò ju wákàtí méjì àtààbọ̀ lọ láti Kuala Lumpur, wọ́n á sì tún yẹ pásípọ́ọ̀tù yín wò tẹ́ ẹ bá dé torí ìpínlẹ̀ Sabah àti Sarawak tó wà ní Borneo ní ìmígírésọ̀n tiwọn lọ́tọ̀. Òkè Kinabalu ga tó mítà 4,095, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lọ yọjú sí lọ́sàn-án kan kó padà sílé. Ẹni tó lé eku méjì, òfo ló máa ń kó bọ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni, Melaka, Kuala Lumpur, Penang, ó tó. Ẹ wá gbọ́ àṣírí kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, pápákọ̀ òfurufú KLIA ò sí láàárín Kuala Lumpur rárá, ó jìnnà sí ìgboro, apá gúúsù ló wà, apá ibẹ̀ náà ni Melaka wà. Bọ́ọ̀sì ń gbéra látinú pápákọ̀ yẹn lọ Melaka tààrà. Torí náà tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀, ẹ má wọ ìgboro Kuala Lumpur kẹ́ ẹ tún máa padà, Melaka ni kẹ́ ẹ forí lé, ẹ sun ọjọ́ méjì níbẹ̀, ìlú jẹ́jẹ́ ni, oorun ojú bàálù á dá lójú yín kẹ́ ẹ tó wọ ìlú ńlá. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ wá sun ọjọ́ méjì ní Kuala Lumpur, ọjọ́ mẹ́ta ní Penang, kẹ́ ẹ padà wá sun ọjọ́ kan tó kù ní Kuala Lumpur kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ má fi bàálù àbọ̀ yín há ọjọ́ tẹ́ ẹ ń kúrò ní Penang o, tí òjò bá dá ọkọ̀ dúró ẹkún ni.

Bọ̀dá_Tanke:
Àǹtí wa ti sọ ọ́ tán. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ ìwé torí ibẹ̀ lèmi ti fara gbá. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ, mo fa ọ̀rọ̀ físà lé agent kan lọ́wọ́ níbí, ó ní òun mọ ẹnì kan tó máa bá wa sáré ẹ̀, ó gba owó ìlọ́po mẹ́ta, ó sì fún mi ní ìwé kan tó dán gbinrin. Ní counter bàálù l'Ékòó ni wọ́n ti tẹ nọ́ńbà orí ẹ̀ tí wọn ò rí nǹkan kan. Mo gbé báàgì mi padà sí Ìlọrin lọ́jọ́ yẹn, n ò lè wo ojú ìyá mi. Ẹ fúnra yín ṣe é lórí wẹ́bsáìtì ìjọba Màléṣíà, eVISA ni wọ́n ń pè é, fọ́tò, pásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ ẹ̀ ṣì ju oṣù mẹ́fà lọ, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀, ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ìwé báńkì, kò sí idán kankan níbẹ̀. Ẹ má tíì san owó tíkẹ́ẹ̀tì tán kí físà tó jáde o, ẹ ní kí wọ́n bá yín mú un sílẹ̀ ná.

Yàtọ̀ sí físà, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní MDAC, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa kún un láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀, ẹ sá fún un. Yẹ́lò káàdì náà ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wọ́n máa ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ìlú bíi tiwa dé, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ náà ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá gbà á, títí ayé ni. Ẹ tẹ gbogbo ìwé sórí pépà, ẹ má fi í sínú fóònù nìkan. Tí wọ́n bá pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi ìwọlé, ẹ fara balẹ̀, ẹ dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́, ẹ na tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ sí wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sínú físà, ẹ má fi wákàtí kan kọjá ẹ̀. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìmígírésọ̀n ṣeré níbẹ̀, àtìmọ́lé wà, owó ìtanràn wà. Kí pásípọ́ọ̀tù sì wà lára yín nígboro torí ọlọ́pàá lè dá àwa adúláwọ̀ dúró béèrè ẹ̀. Èmi, wọ́n dá mi dúró lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan, mo fi hàn wọ́n, wọ́n ní kí n máa lọ.

Àlájà_Ojúekún:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ará ilé, ọ̀rẹ́, ará mọ́ṣáláṣí á máa kó ẹrù wá pé ẹ bá wọn gbé e fún ọmọ wọn tó wà lọ́hùn-ún. Ẹ kọ̀. Ì báà jẹ́ gaàrí. Ẹ kọ̀ láìtijú. Òfin òògùn olóró wọn le púpọ̀, ní 2023 ni wọ́n yọ ikú tó jẹ́ dandan kúrò, àmọ́ adájọ́ ṣì lè dá ikú fún ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, wọn ò sì ní gbọ́ pé ẹnì kan ló ní kẹ́ ẹ bá òun gbé e. Ọmọ àdúgbò wa kan ṣì wà lẹ́wọ̀n tí ìyá ẹ̀ ń sunkún lójoojúmọ́, n ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òògùn tiyín náà, tó bá jẹ́ èyí tí dókítà kọ, ẹ gbé ìwé dókítà dání, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ nínú páálí tí wọ́n fi tà á. Tramadol àti omi ikọ́ tó ní codeine, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Tísà_Adéwọlé:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka ti Àlájà sétí ìyàwó mi, ó ní ká má tiẹ̀ sọ fún ará ilé títí dọjọ́ tá a máa gbéra. A ti yọ Singapore àti Sabah. Ẹ jọ̀ọ́ Langkawi ńkọ́, àti Cameron Highlands? Kí lẹ sì rò nípa ìrun àti oúnjẹ?

Alfa_ÒkèSúnà:
Assalaamu alaykum. Ọ̀rọ̀ ìrun ò ṣòro rárá, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Inú ilé ìtajà, ibùdókọ̀, pápákọ̀, ibi tẹ́ ẹ ti ń ra epo mọ́tò, ẹ máa rí àkọlé surau, yàrá ìkírun kékeré ni, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, omi àlùwàlá wà. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe yín bákan ni pé níbí ìlà-oòrùn la máa ń kọjú sí, níbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ni, torí apá ìwọ̀-oòrùn wọn ni Mẹ́kà wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ara mi ò gbà á. Nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ẹ wo òkè àjà tàbí inú dúrọ́ọ̀, wọ́n máa ń lẹ àmì ọfà kan síbẹ̀, kiblat ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Aago wọn fi wákàtí méje ṣáájú tiwa, tó bá jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ n'Ílọrin, aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù lọ́dọ̀ wọn. Àsùbáà wọn máa ń tó nǹkan bí aago mẹ́fà, Màgàríbà sì máa ń kọjá aago méje alẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé-kéwú, ẹ máa gbádùn èdè wọn. Ohun tí kéwú ṣe sí èdè tiwa ló ṣe sí tiwọn. Àwa ń sọ pé àrísìkí, wọ́n ń sọ pé rezeki. Àwa ní wákàtí, wọ́n ní waktu. Sùúrù tiwa, sabar ni tiwọn. Dùníyàn, dunia. Ọjọ́ Àlàrùbá, Àlàmísì, Jímọ̀, Rabu, Khamis, Jumaat ni wọ́n ń pè é. Mo jókòó ti bàbá àgbàlagbà kan lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní Masjid Negara, ìyẹn mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n ṣí ní 1965 ní Kuala Lumpur, n ò gbọ́ Malay, òun náà ò gbọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá báyìí la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ tá a sì gbọ́ ara wa yé. Bàbá yẹn gbá mi mọ́ra. N ò lè gbàgbé ẹ̀.

Nǹkan míì tó jọ tilé, ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án nínú mẹ́tàlá tí wọ́n ní ló ní ọba tiwọn, àwọn ọba mẹ́sàn-án yẹn ló máa ń fi ẹnì kan nínú ara wọn jẹ ọba gbogbo orílẹ̀-èdè, ọdún márùn-ún márùn-ún. Ọmọ Ìlọrin tó mọ ohun tí Ẹ́míà jẹ́ sí wa máa tètè mọ ìdí tí àwòrán ọba fi pọ̀ lára ògiri wọn. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ àìdáa sí ọba wọn o, ì báà jẹ́ lórí Facebook.

Ọmọ_ÒmùÀrán:
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Kìrìsìtẹ́nì ni mí, èmi náà gbádùn ibẹ̀ gan-an, Melaka ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí bí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ṣe jọ ń gbé, ẹ má wulẹ̀ dúró lẹ́nu ilé gogoro Petronas ní Kuala Lumpur ya fọ́tò (ó dáa o, mítà 452, àjà 88, lálẹ́ ló rẹwà jù), àdúgbò kékeré kan ní Melaka ni kẹ́ ẹ lọ. Lójú títì kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ rìn, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa rí mọ́ṣáláṣí Kampung Kling tí wọ́n ti kọ́ láti 1748, ẹ máa rí ilé ìsìn àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní Cheng Hoon Teng, ẹ máa rí ilé òrìṣà àwọn Íńdíà, gbogbo wọn ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti ayébáyé. Mọ́ṣáláṣí yẹn gan-an kò ní kùbà, òrùlé ẹ̀ ṣe ipele ipele, ilé ìpèrun ẹ̀ dà bí ilé àwọn ará Ṣáínà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́, mò ń rántí abúlé wa níbi tí bàbá mi ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tí àbúrò ẹ̀ ń kírun ní yàrá kejì.

Àwọn Potogí ló gba Melaka ní 1511, àwọn ará Họ́lándì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1641, ó wá di ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1824. Torí ẹ̀ lẹ ṣe máa rí Christ Church, ṣọ́ọ̀ṣì pupa tí àwọn ará Họ́lándì kọ́ parí ní 1753, ẹ sì máa rí àlàpà ṣọ́ọ̀ṣì Potogí lórí òkè tó wà lẹ́yìn ẹ̀, kò ní òrùlé mọ́. Ẹ gòkè yẹn ní ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn òkun máa ń fẹ́ síbẹ̀. Bó bá bọ́ sí Jímọ̀, Sátidé tàbí Sọ́ńdè, ọjà alẹ́ máa ń wà ní Jonker Street, gbogbo ìlú ló ń jáde síbẹ̀. Irú ẹ̀ tún wà ní George Town ní Penang, mọ́ṣáláṣí Kapitan Keling, ṣọ́ọ̀ṣì St George's, ilé ìsìn Ṣáínà, ti Íńdíà, wọn ò jìnnà síra rárá. Ìlú méjèèjì yìí ni UNESCO jọ kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2008.

Ẹ tún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú bàálù tẹ́ ẹ bá ń balẹ̀. Ọ̀pẹ ni gbogbo ilẹ̀ yẹn, tí wọ́n gbìn lọ bí ìlà ìwé, ojú yín ò ní rí òpin ẹ̀. Ilẹ̀ wa níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni irú ọ̀pẹ yẹn ti lọ, ní 1917 ni oko ọ̀pẹ olówò àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ní Selangor. Àwa Ìgbómìnà tí wọ́n fi epo tọ́ dàgbà, tá a mọ bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀pẹ, ó dùn mí pé wọ́n fi ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wa di ọlọ́rọ̀.

Alásè_Ìpàtà:
Oúnjẹ! Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú mi lọ lọ́dún tí ọmọ ẹ̀ gboyè, ojú ìdáná ni mo lọ dúró sí. Nasi lemak ni kẹ́ ẹ fi ṣí ẹnu, ìrẹsì ni, omi àgbọn ni wọ́n fi sè é, wọ́n á bu ata sambal sí i, ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ, ẹ̀pà, ẹyin, kùkúḿbà, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e. Láàárọ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ata yẹn ta, àmọ́ ó máa ń dùn bíi pé ṣúgà wà nínú ẹ̀, ẹnu wa máa ń pẹ́ kó tó gbà á. Roti canai, ìyẹfun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fẹ̀ lójú yín, ọbẹ̀ ẹ̀wà àwọn Íńdíà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní mamak ló ń tà á, ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀kùn tọ̀sán tòru. Satay, ẹ jẹ́ n pè é ní súyà wọn, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ẹran mọ́ bíi tiwa, ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n ń rì í sí. Teh tarik, tíì tó ní mílíìkì tí wọ́n á máa dà láti òkè sí ìsàlẹ̀ títí á fi yọ fófòó. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń fi jẹun, ọwọ́ ọ̀tún náà ni kẹ́ ẹ fi na owó síni, bí ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣọ́ halal, ẹ wo àmì JAKIM, àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí oúnjẹ halal, lára ògiri. Ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó jókòó, torí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wọ inú oúnjẹ tẹ́ ẹ bá rò pé ẹja ni, bíi char kway teow, núdù díndín wọn. Ẹ tọ́ èso durian wò lójú títì, ẹ má gbé e wọ òtẹ́ẹ̀lì tàbí ọkọ̀, àkọlé wà pé wọn ò fẹ́ ẹ torí òórùn ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà:
Tísà, ẹ ò tíì gbọ́ èsì Langkawi. Erékùṣù ni, etíkun ẹ̀ dáa, àmọ́ ó fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ fi sílẹ̀. Cameron Highlands, òkè tó tutù tí wọ́n ń gbin tíì sí, ọ̀nà ẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, bọ́ọ̀sì ń lò tó wákàtí mẹ́rin láti Kuala Lumpur, ẹni tí ọkọ̀ ń dá lóòyì máa jìyà. Ẹ fi ọjọ́ méjèèjì yẹn sí Penang. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní ETS ń lọ láti KL Sentral, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Kuala Lumpur, dé Butterworth tó dojú kọ erékùṣù Penang, ó tó wákàtí mẹ́rin, ó tutù gan-an nínú ẹ̀, kí ìyàwó yín mú ìborùn dání. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá sí George Town, kì í pẹ́. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin o.

Ó tún kù, oṣù wo lẹ fẹ́ lọ? Tó bá bọ́ sí ìgbà Ìtùnú Ààwẹ̀ tàbí ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, ẹ sá fún un. Ẹ mọ bí ọ̀nà Ìlọrin ṣe máa ń rí tí Iléyá bá ku ọ̀la tí gbogbo ọmọ Ìlọrin ń bọ̀ wálé, bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiwọn, gbogbo ìlú ló ń padà sí abúlé, kò ní sí ọkọ̀, òtẹ́ẹ̀lì á wọ́n. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, òjò ńlá máa ń wà ní apá ìlà-oòrùn wọn, kò kan ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ púpọ̀. Ooru ò yàtọ̀ sí tiwa, ọyẹ́ ni wọn ò ní, òjò ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dédé ya lulẹ̀, ẹ mú agbòjò.

Bọ̀dá_Tanke:
Owó: dọ́là ni kẹ́ ẹ mú dání, ẹ má gbọ́kàn lé káàdì náírà nìkan. Ní pápákọ̀ ẹ ṣẹ́ díẹ̀ péré tó máa gbé yín dé ìlú, inú ilé ìtajà nígboro ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ dáadáa. Ẹ ra síìmù ní pápákọ̀ kẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ lórí Grab, òun lẹ máa fi pe takisí kí ẹnikẹ́ni má bàa bù yín. Òtẹ́ẹ̀lì máa gba ringgit (owó wọn nìyẹn) mẹ́wàá lórí yàrá lálẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àjèjì, owó orí ni, kì í ṣe jìbìtì. Ẹnu ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wọn bá tiwa mu. Ọwọ́ òsì ni mọ́tò wọn ń gbà, ẹ wo ọ̀tún kẹ́ ẹ tó sọdá títì. Ẹ yà lọ Batu Caves, ihò òkè tí ilé òrìṣà àwọn Íńdíà wà nítòsí Kuala Lumpur, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, àtẹ̀gùn 272 ni, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ èèyàn, ẹ kó ọ̀rá oúnjẹ yín sínú báàgì.

Tísà_Adéwọlé:
Ọlọ́run á san yín lẹ́san, gbogbo yín. A ti jókòó tò ó lálẹ́ àná. Melaka ọjọ́ méjì, Kuala Lumpur méjì, Penang mẹ́ta, Kuala Lumpur kan. Oṣù keje la fẹ́ lọ, ìyàwó mi ti kún fọ́ọ̀mù físà fúnra ẹ̀, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú la máa lọ gbà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ka ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ yẹn fún màmá mi nílé n'Ísànlú-Ìsin, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún fún epo. Ó ní kí n bá òun wò ó dáadáa bóyá wọ́n ṣì ń gùn ún tàbí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gé e, kí n sì ya fọ́tò ẹyìn ẹ̀ wá fún òun.